Ìlà Kẹtàdínlógún

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pe Gonzalo Yujra nínú gbọ̀ngàn ilé ìjọba ìlú Wilakota, kò sì sí ẹni tó dáhùn.

Òun ló borí nínú ìdíje iṣẹ́ ìkọ́lé tí ìjọba gbé jáde. Àpòòwé tirẹ̀ ni iye owó inú rẹ̀ kéré jù, ìwé rẹ̀ sì pé. Lọ́sẹ̀ kan ṣáájú, nígbà tí wọ́n kéde orúkọ rẹ̀, ọmọkùnrin náà sunkún ayọ̀ sínú fìlà aláwọ̀ ewé kan, fìlà onírun elétí méjì tí ìyá àgbà rẹ̀ hun fún un kó tó kú. Ọjọ́ ìfọwọ́síwèé wá dé, àga rẹ̀ ṣófo.

“Ṣé ẹnikẹ́ni mọ ibi tó wà?” Doña Zulema, akọ̀wé tó ń ṣí àwọn àpòòwé, bi àwọn tó jókòó. Ó béèrè rẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé àdúrà, torí òfin ló ní kó béèrè.

Òfin sì ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: bí ẹni àkọ́kọ́ ò bá wá fọwọ́ síwèé, ẹni kejì ló ni iṣẹ́. Ẹni kejì ni Don Rufino Tarqui, agbaṣẹ́ṣe ńlá tó ti kọ́ ìdajì iléèwé tó wà nílùú náà, tí kì í bọ́ ẹ̀wù awọ dúdú rẹ̀ nínú òòrùn tàbí òtútù. Ó dìde, ó fọwọ́ sí i, ó ní kí wọ́n gbé ọtí wá fún gbogbo gbọ̀ngàn.

Delfina Sirpa ló ṣe ipò kẹta. Ká má purọ́, kò ro ti Gonzalo rárá. Ohun tó rò ni pé ká ní Don Rufino náà ò wá ni, òun ni ì bá gba iṣẹ́ yẹn. Ó mu ọtí rẹ̀, ó lọ sílé.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Delfina, ẹnjiníà tó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Òun ni ọ̀gá, òun ni akọ̀wé, òun náà ló ń gbálẹ̀. Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn ilé ìjọba, yóò ti dúró níwájú pátákó ìkéde, tí yóò máa fi ìka tí òtútù ti sọ di igi tọ ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn: gọ́tà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ iléèwé, odi itẹ́ òkú. Á ra ìwé ìdíje, á wọ bọ́ọ̀sì lọ wo ilẹ̀ ibi iṣẹ́ náà, á padà sínú yàrá kan ṣoṣo tó ń gbé, á fi bùláńkẹ́ẹ̀tì di ẹsẹ̀, á wá máa ṣírò òkúta àti irin. Ó mọ̀ pé bí òǹtẹ̀ kan bá ṣaláìsí lójú ewé kan péré, wọ́n á da gbogbo rẹ̀ nù. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ló ti fi àpòòwé sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn yẹn. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá náà ló padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Nígbà tí kò rí ìdógò tí ìjọba máa ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń díje, ó ta ilẹ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀, kò sì sọ fún Nieves àbúrò rẹ̀. Nieves pè é lẹ́ẹ̀kan péré. “Mi ò lẹ́gbọ̀n-ọ́n mọ́,” ló wí, ó sì pa fóònù. Látọjọ́ náà, Delfina dá wà. Ó dá wà débi pé bó bá sín, òun fúnra rẹ̀ ló ń kí ara rẹ̀ pẹ̀lẹ́.

Nínú fọ́ọ̀mù ìdíje, ìlà kan wà tí wọ́n ti ní kéèyàn kọ orúkọ ẹni tí wọ́n lè pè bí wọ́n bá wá a tì. Ìlà kẹtàdínlógún ni. Àwọn èèyàn a máa kọ ìyàwó, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n síbẹ̀. Delfina kì í pẹ́ níbẹ̀. “Kò sí,” ló máa ń kọ, á sì kọjá sí ìlà tó tẹ̀ lé e.

Lóṣù kẹjọ ọdún tó tẹ̀ lé e, ó fi àpòòwé kejìlá sílẹ̀, fún afárá tí wọ́n fẹ́ gbé kọjá lórí odò gbígbẹ. Doña Zulema ya á níwájú gbogbo èèyàn, ó ka iye inú rẹ̀ sókè, ó wo tàwọn yòókù, ó tún tirẹ̀ wò.

“Ilé iṣẹ́ Sirpa ló borí. Tarqui ló ṣèkejì. Ìfọwọ́síwèé di ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, aago mọ́kànlá àárọ̀.”

Delfina wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń wá ẹni tó máa dì mọ́. Kò rí ẹnì kankan. Don Rufino ló na ọwọ́ sí i.

“Ẹnjiníà kékeré! O fìyà jẹ àgbà lónìí. Wá, jẹ́ n ra ọbẹ̀ ẹ̀pà fún ọ, kí n fi tu ara mi nínú.”

Ó tẹ̀ lé e. Ta ló máa kọ oúnjẹ ọ̀fẹ́? Nígbà tí abọ́ méjì dé àárín wọn, tí èéfín ọbẹ̀ ń gun ojú wọn, Don Rufino tẹ orí sún mọ́ ọn.

“Ṣé o mọ̀ pé afárá méjì ti wó lórí odò yẹn?”

“Ìpìlẹ̀ wọn ni ò jìn, Don Rufino. Mo ti lọ yẹ ilẹ̀ ibẹ̀ wò.”

“Ẹ wo ọ̀mọ̀wé! Àwọn tó kọ́ afárá méjì yẹn náà kàwé. Kí lo fẹ́ fún ilẹ̀ jẹ?”

“Ohun tí gbogbo ayé ń fún un kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ni. Ọmọ inú ẹran láámà tó ti gbẹ, ewé kóka, súìtì, ọtí.”

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó nu ẹnu. “Ìyẹn fún ẹni tó ń kọ́ ilé ìdáná. Afárá kì í jẹ láámà, ọmọ mi. Oṣù kẹjọ la wà yìí, ilẹ̀ ti lanu. Bó o bá fọwọ́ síwèé láìbọ́ ọ, ìwọ gan-an ló máa jẹ.” Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “O rò pé ọgbọ́n orí ni mo fi ń borí? Lọ bá Tata Sixto, oníṣègùn. Sọ pé èmi ni mo rán ọ. Ẹni tó bá ti bọ́ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àpòòwé rẹ̀ kì í bọ́ sílẹ̀ mọ́ láyé.”

Ó yẹ kó fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ṣubú lẹ́ẹ̀mọ́kànlá kì í fi ọ̀rọ̀ ìdìde ṣàwàdà. Kó tó di ọjọ́ kejì, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà Tata Sixto.

Ẹ̀yìn ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń ta ewé àti ọmọ láámà gbígbẹ ni yàrá náà wà. Kò ní fèrèsé. Òórùn ọ̀rá tó ń jó gbá a nímú. Àbẹ́là mẹ́ta ló ń tàn, agbárí èèyàn sì tò sórí pẹpẹ bí ọmọ iléèwé, fìlà lórí wọn, sìgá láàrin eyín wọn. Agbárí kì í dẹ́rù ba ọmọ Wilakota. Kí ìyá Delfina tó kú, ó ní ọ̀kan nílé tó ń bá wọn ṣọ́ ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n agbárí ilé ìyá rẹ̀ ti gbó. Ọ̀kan nínú tibí ṣì ní irun létí, lábẹ́ fìlà aláwọ̀ ewé elétí méjì. Ọkàn Delfina fẹ́ sọ nǹkan kan fún un. Kò dúró gbọ́.

Ọkùnrin kúkúrú kan ni Tata Sixto, ohùn rẹ̀ tutù bí omi inú ìkòkò. Ó yọ́ òjé lórí iná, ó dà á sínú omi, omi náà pariwo ṣàà. Ohun tó yọ jáde nínú rẹ̀ dà bí ẹnu tó là.

“Ilẹ̀ ti gbọ́ orúkọ rẹ. Ó ní kí lo mú wá fóun.”

“Kí ló fẹ́, Tata?”

“Èèyàn.”

Delfina fẹ́ dìde.

“Má gbọ̀n. Kì í ṣe èèyàn gidi kan,” ni Tata Sixto wí, bí ẹni ń ṣìpẹ̀ fọ́mọ. “Ẹni tí kò sẹ́ni tó máa béèrè rẹ̀ ni. Irú wọn pọ̀ nígboro, ìwọ náà mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra o. Bí ẹnì kan bá wá sétí ihò tí a sin ín sí kí oòrùn tó dé àtàrí, tó ní, ‘Lágbájá dà?’, ilẹ̀ á pọ̀ ọ́. Ẹni tí wọ́n ń béèrè kì í gbé inú ilẹ̀.”

Ó fa ọwọ́ rẹ̀, ó fi abẹ́rẹ́ gún un níka. Ẹ̀jẹ̀ kán sórí òjé náà, òjé sì mu ún tán pátá. Oníṣègùn bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọfọ̀:

“Ẹnu tó là kì í padé lófo.
Ikùn tó ń kùn kì í gbẹ́bẹ̀.
Ẹni a pè tí kò jẹ́, ti ilẹ̀ ni.
Ẹni tó sọnù tí a ò wá, ti ilẹ̀ ni.
Ilẹ̀, jókòó. Oúnjẹ ń bọ̀.”

Gbogbo sìgá ẹnu àwọn agbárí tàn lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà téèyàn fà á símú. Ìtọ̀ gbígbóná ṣàn sí Delfina lẹ́sẹ̀. Ìta ló dé kó tó mọ̀.

“Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì,” ni ohùn náà ń wí lẹ́yìn rẹ̀, “níbi ihò tí ìjọba gbẹ́ fi yẹ ilẹ̀ odò wò. Fún un lóúnjẹ dáadáa kó o tó mú un wá.”

Kò ṣòro láti rí ẹni tí kò lẹ́ni. Ẹni tó bá dá wà ń dá irú ara rẹ̀ mọ̀ lókèèrè. Nídìí ibùdókọ̀, bàbá àgbà kan wà tó ń jẹ́ Hilarión, tó máa ń fi páálí bora. Ó ti fọ́ òkúta rí. Ẹ̀tù tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta ti di í létí, kì í sì í sọ̀rọ̀ láìpariwo. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Delfina gbé abọ́ ọbẹ̀ síwájú rẹ̀, ó lóṣòó tì í.

“Baba, ṣé ẹ léèyàn?”

“Kí lo wí?”

“Mo ní, ṣé ẹ léèyàn!”

“Mo ní ọ, ìwọ tó ń bu ọbẹ̀ fún mi!” Ó rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ ò ju mẹ́ta lọ. “Ìwọ ńkọ́? O ti jẹun?”

Delfina gbìyànjú láti rántí ìgbà tí ẹnì kan bi í bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, kò rántí. Lọ́jọ́rú, bàbá náà béèrè orúkọ rẹ̀, ó ń pè é léraléra kó má bàa gbàgbé. Lọ́jọ́bọ̀, ó yọ ìlàjì búrẹ́dì kan jáde nínú ẹ̀wù. Ó ti fi pamọ́ dè é látàárọ̀.

“Lọ́la,” ni Delfina wí, kò wo ojú rẹ̀, “iṣẹ́ kan wà fún yín létí odò gbígbẹ.”

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó bá a lórí ìdúró. Bàbá ti fomi tẹ́ irun rẹ̀. Ó ti di bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ dé ọrùn, bí ẹni tó ń lọ fọ́tò. Àánú mú Delfina, ìtìjú sì gbé e mì.

“Ẹ padà sùn, Baba. Iṣẹ́ ò sí mọ́.”

“O ti jẹun?”

“Mo ní kẹ́ ẹ padà!” Ó jágbe mọ́ ọn, ó yíjú, ó ń lọ. Ṣé kó sá kúrò nílùú ni? Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ Tata Sixto, afárá sì wà lọ́kàn rẹ̀. Ó pinnu pé òun á lọ bẹ oníṣègùn náà kó gba láámà mẹ́wàá.

Kùrukùru bo odò gbígbẹ. Tata Sixto dúró létí ihò pẹ̀lú àwọn lébìrà méjì tó di ṣọ́bìrì mú.

“Òun dà?”

“Mi ò rí ẹnì kankan, Tata. Ẹ jọ̀ọ́, láámà mẹ́wàá—”

Kò bínú. Ó bu ọtí sínú ife, ó ta díẹ̀ sílẹ̀, ó na ìyókù sí i. “Kò burú. Ilẹ̀ ti mu tirẹ̀. Mu tìẹ.”

Láàrin àwọn èèyàn wọn, kò sẹ́ni tó ń kọ ife tí ilẹ̀ bá ti mu nínú rẹ̀. Bó o bá kọ̀ ọ́, o bú ilẹ̀ níyẹn. Àní ọmọdé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Delfina gbé e mu. Ahọ́n rẹ̀ kú. Orúnkún rẹ̀ ká. Ojú rẹ̀ ń ríran, etí rẹ̀ ń gbọ́ràn, ṣùgbọ́n ìka kan ò mì lára rẹ̀.

Ẹ̀wù awọ dúdú kan jáde látinú kùrukùru.

“Má bínú, Ẹnjiníà kékeré,” ni Don Rufino wí. “O ní o ò rí ẹni tí kò lẹ́ni. Àwa ti rí i látọjọ́ tó o ti fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀.” Ó fa ìwé kan yọ lápò, ó nà án síwájú ojú rẹ̀. “Ìlà kẹtàdínlógún. Ọwọ́ ara rẹ lo fi kọ ọ́. Gonzalo náà kọ bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà rẹ̀ ni ì bá béèrè rẹ̀, ìyá àgbà sì ti kú.”

Fìlà aláwọ̀ ewé. Delfina fẹ́ pariwo, ariwo náà ò kọjá àyà rẹ̀.

“Ẹni kejì ló ń jogún, ìwọ náà mọ òfin. Iye tí mo kọ sì ju tìẹ lọ. Ilẹ̀ á jẹun, èmi náà á jẹun. Ẹ gbé e.”

Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìsàlẹ̀ ihò náà tutù, nǹkan kan sì ń rìn lábẹ́ ọrùn rẹ̀. Ṣọ́bìrì àkọ́kọ́ balẹ̀ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, èkejì sórí ikùn. Ó ń wá orúkọ ẹni tó máa béèrè òun. Nieves? Nieves ò lẹ́gbọ̀n-ọ́n mọ́. Onílé? Òpin oṣù ni onílé máa mọ̀. Ó wá gbogbo ayé rẹ̀ já, yàrá òfìfo ni gbogbo rẹ̀. Ṣọ́bìrì kẹta bọ́ sí i lẹ́nu, iyẹ̀pẹ̀ wọ ọ̀fun rẹ̀, àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jà bí ẹyẹ tí wọ́n fi sábẹ́ igbá.

“DELFINA!”

Ṣọ́bìrì dúró lókè.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn! Delfina dà? Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni! Kò tíì jẹun!”

Baba Hilarión ló dúró nínú kùrukùru, ìlàjì búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ lé ọ̀mùtí yẹn!” ni Don Rufino jágbe.

Ṣùgbọ́n Tata Sixto ti gbọ́wọ́ sókè. Ohùn tútù rẹ̀ ń gbọ̀n. “Wọ́n ti béèrè rẹ̀. Ilẹ̀ ti pọ̀ ọ́.” Òun fúnra rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ fa Delfina jáde, ó fi ewé kan ra imú rẹ̀, Delfina sì bì: ọtí, ẹrẹ̀, ẹ̀jẹ̀. Oníṣègùn yíjú padà. “Ilẹ̀ ti tọ́ ọ wò ná, Don Rufino. Ẹnu rẹ̀ ò lè padé lófo.”

Àwọn lébìrà náà yíjú sí Don Rufino.

“Kí lẹ ń wò mí fún? Mo níyàwó!”

“Ọdún kẹta rèé tó ti kó lọ.”

“Àwọn ọmọ mi—”

“Wọ́n ti pààrọ̀ nọ́ńbà wọn nítorí yín.”

“Ẹ̀yin méjèèjì! Èmi lọ̀gá yín!”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá,” ni ọ̀kan nínú wọn wí, ó sì dì í lápá mú.

Tata Sixto ti Delfina sápá Baba Hilarión. “Máa lọ. Oòrùn ò tíì dé àtàrí. Òfin kan náà ló dè é: bí ẹnikẹ́ni bá wá béèrè rẹ̀ létí ihò yìí kó tó di ọ̀sán, mo máa gbé e jáde.” Delfina ń rìn, ó ń gbọ́ igbe lẹ́yìn. Bàbá tó dì í mú ò gbọ́ nǹkan kan. Búrẹ́dì ló ń fi há a lẹ́nu.

Ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó wọ gbọ̀ngàn pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára.

“Ẹnjiníà, ṣé ẹ ṣubú ni?” ni Doña Zulema bi í.

“Mo ṣubú.”

“Pẹ̀lẹ́ o. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i, mo gbọ́dọ̀ pe ẹni kejì lẹ́ẹ̀mẹta, kó lè sọ bó bá ní ẹjọ́. Rufino Tarqui!” Ó wo àwọn àga yí ká. “Rufino Tarqui!” Àga kan ké. “Rufino Tarqui! Ṣé ẹnikẹ́ni mọ ibi tó wà?”

Agogo ara ògiri sọ pé aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ogún ìṣẹ́jú lèèyàn fi ń rìn dé odò. Delfina wo ilẹ̀.

Baba Hilarión, tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, dìde wá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí, ó rò pé òun ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Ta ni wọ́n ń wá? Ṣé ọkùnrin ẹlẹ́wù awọ tó wà létí ihò yẹn ni? Òtútù pọ̀ níbẹ̀ o. Ṣé kí n lọ pè é wá?”

Gbogbo gbọ̀ngàn wò wọ́n. Delfina rántí iyẹ̀pẹ̀ inú ọ̀fun rẹ̀. Ó rántí àpòòwé mọ́kànlá.

“Rárá, Baba,” ló wí. “Kì í ṣe òun.”

Ó fọwọ́ sí ojú ewé ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi bí ogójì ìṣẹ́jú ṣe é. Doña Zulema tọ́ka sí fọ́ọ̀mù. “Ìlà kẹtàdínlógún yìí, ṣé kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?” Delfina gba bírò, ó kọ Hilarión síbẹ̀. Kó tó parí orúkọ náà ni agogo ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í lù fún ọ̀sán.

Afárá náà dúró. Kò sán níbì kankan. Ọdún yẹn, ibikíbi tí Delfina bá fi àpòòwé sí, tirẹ̀ ló ń borí. Ó kọ́lé alájà mẹ́ta, ó ra tábìlì tí èèyàn méjìlá lè jókòó yí ká, ó sì ń dá jẹun ní orí kan rẹ̀.

Baba Hilarión wá síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ti gbọ́ lọ́jà pé agbaṣẹ́ṣe ẹlẹ́wù awọ kan sọnù láti ọjọ́ Ẹtì ọjọ́ sí. Ó dúró lẹ́nu géètì, ó wò ó títí.

“Òun ni wọ́n ń pè lọ́jọ́ náà, àbí?”

Delfina wo ilẹ̀. Bàbá gbé búrẹ́dì sórí àtẹ̀gùn. Kò bi í bóyá ó ti jẹun. Ó yíjú, ó lọ, látọjọ́ náà bó bá sì rí i nídìí ibùdókọ̀, ibòmíràn ló ń wò.

Delfina wá ń lọ sídìí òpó afárá náà lọ́jọọjọ́ Ẹtì. Á gbé etí lé kọnkéré, á ní, “Don Rufino, ṣé ẹ wà níbẹ̀?” Kọnkéré tutù. Ìbéèrè ti pẹ́ jù.

Nígbà tí oṣù kẹjọ tún dé, ìkéde afárá kejì jáde. Ó kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀ dé ìlà kẹtàdínlógún, bírò dúró lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Níkẹyìn ó kọ ọ́: kò sí.

Òun náà ló borí. Bí gbọ̀ngàn ṣe ń tú, ọ̀dọ́kùnrin tó ṣèkejì rìn wá bá a. Ẹ̀wù awọ tó wọ̀ ṣì ń rùn bí tuntun.

“Ẹ̀gbọ́n ẹnjiníà, ẹ kú oríire o. Ẹ jẹ́ n ra ọbẹ̀ ẹ̀pà fún yín.”

Delfina mọ ohun tí ọbẹ̀ yẹn jẹ́. Ó mọ ihò náà, ó mọ ife náà, ó mọ bí iyẹ̀pẹ̀ ṣe ń rí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún kan tí ẹnikẹ́ni ti pè é wá jẹun kẹ́yìn. Ó mú báàgì rẹ̀, ó tẹ̀ lé e.